Ọ̀gá tó fẹ́ kí ọkàn òṣìṣẹ́ balẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí

Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ọmọ a múdà sílẹ̀ mógun ẹnu pa ni. Tí wọ́n bá ki ìyẹn lóde ìnáwó orí wa á máa wú, owó á máa jáde lápò. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba láàárọ̀ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń fi ogun ẹnu yẹn kan náà bá ọmọ tó ń bá a tajà jà, "ọ̀dẹ̀ ni ẹ́", "èèyàn ogún ló ń wá iṣẹ́ yìí o", gbogbo ẹ̀ níwájú kọ́sítọ́mà, ọmọ yẹn á dọ̀bálẹ̀, á ní ẹ má bínú sà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ọ̀gá á rò pé òun ti tún nǹkan ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé láti ọjọ́ yẹn lọ, tí nǹkan bá tún bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀gá ló máa gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, márùn-ún, bóyá ogún ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin onílé-ìwé aládàáni, oníbúrẹ́dì, oní-fámásì, oníléepo, ọ̀gá àwọn tó ń gba owó kiri ọjà fún máíkírófáínáǹsì. Àwọn tó wà ní sẹkitéríàtì l'Álágbàká ní fọ́ọ̀mù lífù, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ní ibi tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn. Òṣìṣẹ́ tiyín ò ní ju ẹ̀yin náà lọ, tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni wàhálà ẹ̀ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn pé iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ń sá fún iṣẹ́. Àmọ́ àwa ọ̀gá ti sọ òwe yẹn di ohun tá a fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, pẹ̀lú àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé ṣírò ẹ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ tó tó bílíọ̀nù 12 ló ń ṣòfò lọ́dọọdún nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn, ẹ wá wò ó, iye ọjọ́ tí èèyàn wà ní ìdí iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀ ńkọ́. Ní 2019, WHO yìí kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wàhálà iṣẹ́ tó ti pẹ́ lára tí ẹnikẹ́ni ò bójú tó lè gbẹ èèyàn tán pátápátá, ohun mẹ́ta ni wọ́n sì ní ká máa wò: ó rẹ̀ ẹ́ débi pé oorun ò tán an, iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú u tàbí kó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kò wá rí i ṣe mọ́. Òṣìṣẹ́ yín tó ń sọ pé ọ̀gá ta ọ̀gá ò ta owó aláàárù á pé, ẹ má tètè pè é lọ́lẹ. Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ gbà á?

Ẹ má retí pé ẹnìkan máa wá bá yín pé ìlera ọpọlọ òun ò dáa o. Wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n á ní inú orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà, àyà mi ń já, mi ò rí oorun sùn, ara mi ò kàn yá ni. Kẹ́mísìtì àdúgbò á fún wọn lóògùn ibà pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ẹ̀ ó tún dé. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kẹ́ ẹ má lọ sọ ara yín di dókítà. Ṣùgbọ́n tí "ibà" ẹnìkan bá ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè alẹ́ nígbà tó ku ọ̀la kó wá síṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá kiri.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ibí ló wà, ẹ lè fo ìyókù. T-shirt tẹ́ ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù October, ìyẹn Ọjọ́ Ìlera Ọpọlọ Lágbàáyé, eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé, olùbánisọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá láti ìlú míì wá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kò burú, ẹ máa ṣe é tówó bá wà. Àmọ́ ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn òṣìṣẹ́ balẹ̀ tàbí kó má balẹ̀ ni ohun tí ojú yín ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá mú ìròyìn burúkú wá.

Obìnrin oníwàádìí kan wà l'Ámẹ́ríkà, Amy Edmondson. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ló ń ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní àwọn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, èrò ẹ̀ ni pé wọ́ọ̀dù tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ mọwọ́ ara wọn, tí ọ̀gá wọn dáa, àṣìṣe tiwọn á kéré. Nígbà tí èsì dé, òdìkejì ló rí, àwọn wọ́ọ̀dù tó dáa yẹn gan-an ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù! Ó ronú ronú kó tó yé e pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe jù, wọ́n ń sọ ọ́ ni. Níbi tí ọ̀gá ti le, nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn lóògùn tí kì í ṣe tiẹ̀ á pa ẹnu mọ́, á máa gbàdúrà kí nǹkan má ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́nnu pé òṣìṣẹ́ yín kì í ṣe àṣìṣe, ẹ tún èrò yín pa.

Ká mú oníbúrẹ́dì. Ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun gbàgbé, ó da iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá lè sáré wá sọ pé ọ̀gá mo ti ṣìṣe, ìyẹ̀fun ẹ̀ẹ̀kan lẹ pàdánù. Tí ẹ̀rù yín bá ń bà á, á dà á sínú àwo, á yan án, búrẹ́dì á ti dé Ìjọ̀kà, á ti dé South Gate FUTA, kẹ́ ẹ tó máa gbọ́, ẹnu àwọn oníbàárà lẹ ti máa gbọ́. Èwo ló wọ́n jù?

Nítorí náà ẹ kọ́ ẹnu yín ní ohun tó máa kọ́kọ́ sọ, kó tó di pé inú bí yín, nítorí inú á bí yín, èèyàn ni yín. "O ṣeun tó o tètè sọ." Lẹ́yìn ìyẹn, "ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?" Lẹ́yìn ìyẹn, "kí la máa kọ́kọ́ ṣe báyìí?" Ó tán. Ọ̀rọ̀ ta ló ṣe é, kí ló fà á, ẹ fi dọ̀la tàbí ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá, ẹ̀yin àti ẹni náà. Ẹ má sì fi ẹnu dúpẹ́ kí ojú yín máa yọ iná o, àwọn tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ ń wò yín, wọ́n ń ṣírò ẹ̀ bóyá àwọn náà á sọ tiwọn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ibiṣẹ́ di ilé ayọ̀ fún olè. Ẹni tó ṣèèṣì lọ́tọ̀, ẹni tẹ́ ẹ ti kìlọ̀ fún tí ò bìkítà lọ́tọ̀, ẹni tó jí nǹkan lọ́tọ̀. Ẹni àkọ́kọ́, ẹ tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe kó má ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ẹnì kejì, kúwérì ni. Ẹnì kẹta, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ìṣòro wa ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń fi èébú kan náà dá lóhùn.

Owó tí ò pé

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí torí nínú gbogbo ohun tó ń gba oorun lójú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé epo, èyí ló gbawájú. Owó ò pé nírọ̀lẹ́, ọ̀gá á ní kò kàn mí, á yọ ọ́ nínú sálárì. Oníbàárà kan fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú han ọmọ, ó gbé ọjà lọ, owó ò wọlé, á yọ ọ́. Ọmọ tó ń gba owó tí ò tó nǹkan lóṣù, ẹ wá yọ ìdajì, ẹ sì ń retí pé kó rẹ́rìn-ín sí kọ́sítọ́mà.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ò fún ọ̀gá láyè láti máa gé owó oṣù bó ṣe wù ú bí owó ìtanràn. Kódà tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó jẹ́ àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ ọ́físà lébọ̀ ìjọba kó tó yọ iye tó bọ́gbọ́n mu. Mélòó nínú wa ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ fi ti òfin sílẹ̀ ná, gígé owó yìí ń kọ́ wọn ní irọ́. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa gé owó òun á wá ọ̀nà láti dí i kẹ́ ẹ tó rí i, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, á yá èyí fi dí ìyẹn, títí tọ́rọ̀ á fi kọjá agbára ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe rèé. Ẹ ka owó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní ọ̀sán àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tó bàjẹ́. Tí ẹni méjì bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n kà á lójú ara wọn kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀rọ̀ tiransífà, kí òfin jẹ́ pé ọjà ò jáde títí owó á fi hàn lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹ̀rọ POS, kì í ṣe fóònù oníbàárà, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ yín má bàa máa bá alágbára kan tó ń kánjú jà nítorí yín. Gbogbo ìyẹn ò gba owó lọ́wọ́ yín. Ó sì ń gba ẹrù kúrò lórí wọn ju ọ̀rọ̀ ìyànjú ọgọ́rùn-ún lọ.

Sálárì tó ń pẹ́ náà ńkọ́? Ọjà ò tà, mo mọ̀. Tí owó ò bá ní wọlé lọ́jọ́ ọgbọ̀n, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ míì tẹ́ ẹ dá lójú. Àìmọ̀ yẹn ló ń pa èèyàn, pé kí ó máa wo fóònù ní gbogbo ìgbà nígbà tí onílé ń kan ilẹ̀kùn.

Níbi tí wọ́n ti ń pè yín ní Mọ́mì

L'Ákúrẹ́ níbí, òṣìṣẹ́ kì í pe ọ̀gá lórúkọ. Dádì ni, Mọ́mì ni, Àńtí ni, ó kéré tán Bọ̀ọ̀dá. Ó dáa, àṣà wa ni, mi ò ní kẹ́ ẹ yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ta ló máa sọ fún Mọ́mì pé Mọ́mì ẹ ti ṣìṣe? Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń dúró kí wọ́n fúnra wọn là á mọ́lẹ̀ fún yín, ẹ máa dúró pẹ́. A máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ní mítìnì, àgbà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, á wá ní "ṣé ẹ ní ìbéèrè?" Gbogbo wọn á ní rárá mà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Ẹ yí i po. Kí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ètò yìí dáa, torí bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dáhùn. Ẹ bi wọ́n pé, "tí ètò yìí bá máa bàjẹ́, ibo ló ti máa bàjẹ́?" Ẹ ti wá sọ ọ́ di iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán wọn, kì í ṣe àfojúdi mọ́. Ẹni tójú bá ń tì, ẹ pè é lọ́tọ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní kó fi ránṣẹ́ sí àgbà kan nínú òṣìṣẹ́ tí gbogbo wọn fọkàn tán, kí ìyẹn wá sọ fún yín láì dárúkọ. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ẹ ṣe ọ̀kan níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kéré tán, kí wọ́n rí i. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tẹ́ ẹ ò ṣe nǹkankan, lẹ́ẹ̀kejì wọn ò ní sọ.

Àdúrà àárọ̀ ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbàdúrà kẹ́ ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ yé fi àdúrà bú èèyàn. "Olúwa, gbogbo ẹni tó ń pẹ́ dé níbí, tó fẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́…" a mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá wí, Ọlọ́run náà mọ̀.

WhatsApp: ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí lórí gúrúùpù, kẹ́ ẹ dúró sí inbox. Kẹ́ ẹ sì sọ aago tí iṣẹ́ ń parí. Tíṣà tó fi ọjọ́ gbogbo dúró níwájú ọmọ ogójì, tó tún gbé ìwé wálé wá máàkì, tẹ́ ẹ wá ń fi fóìsì ránṣẹ́ sí láago mọ́kànlá alẹ́ pé "mo kàn rántí ni", ẹ̀yin ti sùn, òun ò lè sùn mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Lífù náà: Labour Act yẹn ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gba ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 lọ́dún pẹ̀lú owó ẹ̀, kò sì fàyè gba kí ọ̀gá fowó rọ́pò ìsinmi yẹn. Ẹ má sọ pé ẹ ń ṣe é lóore.

Àwọn tó ń gba owó kiri fún máíkírófáínáǹsì, tí wọ́n bá wọn yan iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà lóṣù, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yan iye. Èèyàn lè gbé ẹrù tó wúwo tó bá ní ẹnu nínú bó ṣe máa gbé e, tí kò bá ní, ẹrù kan náà á ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ sì má fi gbèsè oníbàárà tó sá lọ sí wọn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní fi ṣeré: ọ̀gá tó ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, tàbí tó ń fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé nọ́ńbà 190 lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ láti 2022. Kí ẹni méjì wà tí èèyàn lè sọ fún, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí àwọn méjèèjì má jẹ́ ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú ọ̀gá. Tó bá ti jẹ́ ìyàwó ọ̀gá nìkan ni wọ́n lè fẹjọ́ sùn, ẹjọ́ ti tán nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnìkan ti yàtọ̀

Ẹni tó máa ń ṣàwàdà tí ò sọ̀rọ̀ mọ́, tí kì í jẹun mọ́, tí ojú ẹ̀ ń pọ́n láràárọ̀. Ẹ pè é jókòó, ẹ má jókòó sẹ́yìn tábìlì ńlá yẹn, ẹ pa fóònù. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò: "Ọ̀sẹ̀ méjì yìí mo rí i pé o kì í jẹun ọ̀sán mọ́. Ṣé kò sí o?" Á ní kò sí mà. Ẹ má kánjú. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ tún ní, "tó bá wà, mo wà ńbí, kò ní kan iṣẹ́ ẹ." Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ, ẹ má bá a wá ìtàn ẹni tí tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ní "o ò rí wàhálà rí, ìgbà tiwa…"

Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí ayé ti sú, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti wá sí ẹ lọ́kàn pé kó o pa ara ẹ?" Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé bíbéèrè á fi sí i lọ́kàn, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ara máa ń tù ú pé ẹnìkan bi òun. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nítòsí, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí ẹni ẹ̀ tó fọkàn tán, kẹ́ ẹ jọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ilé ìwòsàn wo? L'Ákúrẹ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Ọ̀dà Road. UNIMED Teaching Hospital wà ní ìlú Oǹdó, Federal Medical Centre wà l'Ọ́wọ̀. Tí pásítọ̀ tàbí ááfà ẹ̀ bá fẹ́ gbàdúrà fún un, kí ó gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ní kó ju oògùn dókítà nù. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ bá a lọ kẹ́ ẹ wá gbé e jáde bíi kókó àdúrà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu yín. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ayé òyìnbó amúnisìn, ò fàyè gba kí wọ́n máa ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ. Tó bá sì jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ló dá jìnnìjìnnì sí i lára, bíi kí àwọn adigunjalè wọ ilé epo lójú ẹ̀, Employee's Compensation Act 2010 mẹ́nu ba wàhálà ọkàn náà, tẹ́ ẹ bá ti ń san owó yín fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa níbi iṣẹ́, ẹ lọ béèrè.

Àwọn kan ń rò pé ẹni tó bá ti dé ilé ìwòsàn ọpọlọ, ó ti parí nìyẹn, ẹ wá ẹlòmíì. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò Arò l'Abẹ́òkúta, inú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ló fi àwọn aláìsàn sí pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Àádọ́rin ọdún ti kọjá.

Nítorí náà tí òṣìṣẹ́ yín bá ń padà bọ̀, ẹ pè é lórí fóònù ṣáájú, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀, ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa wá ní ìdajì ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, kẹ́ ẹ má fi í sídìí owó tàbí iṣẹ́ alẹ́ ná. Àwọn oògùn kan máa ń múni tòògbé láàárọ̀, tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun máa dé láago mẹ́wàá, ẹ gbà fún un. Ọjọ́ Fráídè kẹ́ ẹ bi í báwo, kẹ́ ẹ wá jọ ṣètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.